Bí A Ṣe Ń To Ẹ̀yà Inú Struct Kí Ó Lè Dúró Bákan Náà Lórí Prósẹ́sọ̀ Oríṣiríṣi

Ẹni tó ń kọ prógíráàmù ní èdè C tàbí C++ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìbéèrè ibi tí kọ̀ǹpáílà ń gbé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan inú struct rẹ̀ (àkójọ dátà oríṣiríṣi lábẹ́ orúkọ kan) sí nínú mẹ́mórì. Prógíráàmù náà ń ṣiṣẹ́, ìdáhùn rẹ̀ ń jáde bó ṣe yẹ, kò sì sí ohun tó ń fipá mú un láti yẹ ìsàlẹ̀ iṣẹ́ náà wò. Ọjọ́ tí ó bá kọ struct náà sínú fáìlì lórí ẹ̀rọ kan, tí ó sì gbé fáìlì náà lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà: nọ́ńbà tí mo kọ sílẹ̀ láìsí àbùkù lórí ẹ̀rọ oníbíìtì 64 di rúdurùdu nígbà tí mo kà á lórí ẹ̀rọ oníbíìtì 32, mo sì ń wá àṣìṣe náà kiri inú ìṣirò mi, níbi tí kò sí rárá. Ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀ ni pé bí struct ṣe rí nínú mẹ́mórì jẹ́ àdéhùn láàárín kọ̀ǹpáílà kan àti ẹ̀rọ kan péré. Dátà tó bá máa kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ ní ìlànà tirẹ̀, tí a kọ sílẹ̀ ní báìtì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ń fa àlàfo

Prósẹ́sọ̀ kì í sábà bu mẹ́mórì ní báìtì kan ṣoṣo. Ìdì-ìdì ni ó máa ń bù ú, bóyá báìtì 4, báìtì 8, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdì kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà oníbáìtì 4 tí ó wà ní àdírẹ́sì tí 4 lè pín láìṣẹ́kù yóò bọ́ sínú ìdì kan, ẹ̀rọ yóò sì kà á lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí apá kan rẹ̀ bá wà nínú ìdì yìí, tí apá kejì wà nínú ìdì tó tẹ̀lé e, ẹ̀rọ ní láti ka ìdì méjèèjì kí ó tó lè so nọ́ńbà náà pọ̀, àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí wọn kò gbà láti ṣe é rárá. Òfin pé kí irú dátà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́sì tó bá a mu ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní alignment. Kọ̀ǹpáílà ló ń pa á mọ́ fún wa: ó ń fi àlàfo sáàárín ẹ̀yà méjì nígbà tó bá pọn dandan, ó sì ń fi òmíràn sí ìparí struct, kí ó lè jẹ́ pé bí a bá to ọ̀pọ̀ irú struct bẹ́ẹ̀ tẹ̀léra wọn nínú array, gbogbo wọn ni yóò dúró déédéé.

Ẹ wo struct kékeré yìí:

```c
struct akosile {
    uint8_t  iru;
    uint64_t asiko;
    uint32_t iye;
};
```

Báìtì 1, báìtì 8 àti báìtì 4 jẹ́ 13, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lórí Linux x86-64, `sizeof` yóò dáhùn pé 24 ni: `iru` wà ní báìtì 0, àlàfo báìtì 7 tẹ̀lé e, `asiko` bẹ̀rẹ̀ ní 8, `iye` bẹ̀rẹ̀ ní 16, àlàfo báìtì 4 sì ló parí rẹ̀. Lórí Linux i386, ìdáhùn náà di 16, nítorí pé ABI ti i386, ìyẹn àdéhùn tó sọ bí dátà ṣe gbọ́dọ̀ dúró, gbà kí nọ́ńbà oníbáìtì 8 tó wà nínú struct bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́sì tí 4 lè pín. Lórí ARM oníbíìtì 32 tó ń tẹ̀lé EABI, ìyẹn ABI ti ARM, a tún padà sí 24. Lórí Linux m68k, níbi tí báìtì 2 ti tó fún gbogbo nọ́ńbà ńlá, 14 ni. Lórí AVR oníbíìtì 8, tí kò nílò àlàfo kankan, 13 gan-an ni.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á ṣàkíyèsí nínú àpẹẹrẹ yìí. Èkíní ni pé irú dátà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, bíi `uint64_t`, kò gbà wá lọ́wọ́ ìṣòro náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ pé bí àwọn bá ti fi `uint32_t` rọ́pò `int`, iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹ̀yà àti ibi tí ẹ̀yà bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èkejì ni pé prósẹ́sọ̀ nìkan kọ́ ló ń pinnu: lórí prósẹ́sọ̀ x86 oníbíìtì 32 kan náà, kọ̀ǹpáílà Microsoft lórí Windows yóò fún struct yìí ní 24, tí GCC lórí Linux yóò sì fún un ní 16. Nítorí náà, ìbéèrè tó tọ́ ni “ABI wo ni mò ń kọ ọ́ fún?”, kì í ṣe “prósẹ́sọ̀ wo?” nìkan.

Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tí àdírẹ́sì kò bá a mu

Ìwà àwọn prósẹ́sọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ gidigidi, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n, nítorí òun ló ń sọ irú àṣìṣe tí a ó rí. SPARC kì í gbà rárá: prógíráàmù tó bá ka nọ́ńbà oníbáìtì 4 láti àdírẹ́sì tí 4 kò lè pín yóò kú pẹ̀lú SIGBUS, àmì tí a fi ń dá prógíráàmù dúró nítorí àdírẹ́sì tí kò bá a mu. MIPS náà ń kọ̀ ọ́ fún ìtọ́ni kíkà tí a sábà ń lò, ó sì ní ìtọ́ni méjì ọ̀tọ̀, `lwl` àti `lwr`, tí a fi ń ka apá òsì àti apá ọ̀tún nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Cortex-M0, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké, yóò bọ́ sínú HardFault, ìyẹn ipò àṣìṣe tó ń dá iṣẹ́ dúró.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ARM àtijọ́, ARMv5 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, nítorí pé òun kì í pariwo. Ká ní báìtì 11, 22, 33 àti 44, ní ìṣirò onípò 16, wà ní àdírẹ́sì 0 dé 3, tí a sì ní kí ó ka nọ́ńbà oníbáìtì 4 láti àdírẹ́sì 1. Ẹ̀rọ náà yóò ka ìdì tó bẹ̀rẹ̀ ní 0, yóò yí i po ní báìtì kan, yóò sì gbé 0x11443322 fún wa bí ẹni pé ìdáhùn tòótọ́ nìyẹn. Prógíráàmù kò kú, kò sí ìkìlọ̀, nọ́ńbà nìkan ni kò tọ̀nà. Linux lórí ARM ní fáìlì `/proc/cpu/alignment` tí a fi ń pàṣẹ bóyá kí kernel tún irú kíkà bẹ́ẹ̀ ṣe tàbí kí ó pa prógíráàmù náà. Láti ARMv6 lọ ni ẹ̀rọ ARM ńlá ti ń gba kíkà lásán láti àdírẹ́sì tí kò bá a mu, ṣùgbọ́n ìtọ́ni tó ń ka rẹ́jísítà púpọ̀ pọ̀ bíi `LDM`, àti àwọn tí a fi ń ṣe iṣẹ́ atomic (èyí tí ohun mìíràn kò lè já wọ̀ láàárín) bíi `LDREX`, ṣì ń béèrè pé kí àdírẹ́sì dúró déédéé.

x86 ló ń fi ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ jù, ìbàlẹ̀ ọkàn náà sì ni ewu rẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń gba kíkà láti àdírẹ́sì èyíkéyìí fún ọ̀pọ̀ ìtọ́ni, ṣùgbọ́n `movaps` ti SSE, àwọn ìtọ́ni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan náà, ń béèrè àdírẹ́sì tí 16 lè pín. Kọ̀ǹpáílà tó bá ń sọ lúùpù di iṣẹ́ SSE máa ń gbà pé pointer `uint32_t` tí a fún un ti dúró ní àdírẹ́sì tí 4 lè pín, nítorí ìlànà èdè C kò ṣe ìlérí kankan fún ẹni tó bá ṣe é lọ́nà mìíràn. Bí ìgbàgbọ́ yẹn bá jẹ́ irọ́, kóòdù tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní `-O1` lè ṣubú ní `-O3`, níbi tí kọ̀ǹpáílà ti ń sapá jù láti mú kóòdù yára, lórí x86 gan-an.

Kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kí o tó tún un tò

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti rí bí struct ṣe dúró ní tòótọ́. `offsetof`, tó wà nínú `<stddef.h>`, yóò sọ báìtì tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, `sizeof` yóò sọ gbogbo rẹ̀, `_Alignof` ti C11 yóò sì sọ ohun tí irú dátà náà ń béèrè. Fún iṣẹ́ ńlá, mo fẹ́ràn `pahole` ju ohunkóhun lọ: bí a bá ti kọ prógíráàmù náà pẹ̀lú `-g`, yóò ka ìsọfúnni inú rẹ̀, yóò sì fi gbogbo struct hàn pẹ̀lú ihò kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. `-Wpadded` ti GCC náà ń kìlọ̀ nípa àlàfo, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀, nítorí náà ó dára kí a lò ó fún fáìlì kan tí a ń yẹ̀ wò, kì í ṣe fún gbogbo iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kí a to ẹ̀yà láti orí èyí tó ń béèrè alignment tó tóbi jù dé orí èyí tó kéré jù. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí a bá fi `asiko` ṣáájú, tí `iye` tẹ̀lé e, tí `iru` sì kẹ́yìn, x86-64 yóò fún un ní 16 dípò 24. Fún array tó ní mílíọ̀nù kan irú struct bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù 8 báìtì ni a ti gbà padà. Ṣùgbọ́n m68k ṣì ń sọ pé 14, AVR sì ń sọ pé 13, nítorí pé àlàfo ìparí ṣì wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpáílà. Ohun tó kù ni kí a gba àlàfo náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a fún un ní orúkọ, kí a sì de gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀:

```c
struct akosile {
    uint64_t asiko;
    uint32_t iye;
    uint8_t  iru;
    uint8_t  aye[3]; /* àlàfo tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀, 0 ni kí ó máa jẹ́ */
};

_Static_assert(sizeof(struct akosile) == 16, "iwon ti yipada");
_Static_assert(offsetof(struct akosile, iye) == 8, "iye ti sun kuro");
_Static_assert(offsetof(struct akosile, iru) == 12, "iru ti sun kuro");
```

Báyìí, 16 ni lórí gbogbo ẹ̀rọ márùn-ún tí mo dárúkọ. Ìlà `_Static_assert` mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹnìkan bá fi ẹ̀yà tuntun kún un lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí tí a gbé kóòdù náà lọ sórí ABI tí a kò rò tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpáílà yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kàkà kí fáìlì àwọn èèyàn bàjẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́jẹ́.

Fífún àlàfo ní orúkọ tún ní àǹfààní kejì tí mo kà sí pàtàkì. Èdè C kò sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú àlàfo tí kọ̀ǹpáílà fi sílẹ̀. Ohun àtijọ́ tó wà ní mẹ́mórì náà lè wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá fi `memcmp` wé struct méjì tí ẹ̀yà wọn dọ́gba lè gbọ́ pé wọ́n yàtọ̀, ẹni tó bá sì fi struct náà ránṣẹ́ síta lè fi àjákù ọ̀rọ̀ aṣínà ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ láìmọ̀. Bí àlàfo bá jẹ́ ẹ̀yà tó ní orúkọ, a lè kọ 0 sínú rẹ̀, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ṣe ìlànà fáìlì ELF, irú fáìlì tí Linux fi ń tọ́jú prógíráàmù, ti tẹ̀lé ọ̀nà yìí. Nínú program header (apá tó ń sọ bí a ṣe ń gbé prógíráàmù sínú mẹ́mórì) ti ELF oníbíìtì 32, `p_flags` ni ẹ̀yà keje. Nínú ti oníbíìtì 64, wọ́n gbé e wá sí ipò kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ `p_type`, kí ẹ̀yà méjì oníbáìtì 4 wọ̀nyí lè pé 8, kí `p_offset` tó tẹ̀lé wọn sì bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́sì tí 8 lè pín láìsí ihò kankan.

Ní ti `long` àti pointer, kí a má ṣe fi wọ́n sínú struct tó ń rìnrìn àjò. `long` jẹ́ báìtì 8 lórí Linux oníbíìtì 64, ó sì jẹ́ báìtì 4 lórí Windows oníbíìtì 64. Bitfield, ìyẹn ẹ̀yà tí a fún ní iye bíìtì tí a yàn, náà kò yẹ níbẹ̀, nítorí kọ̀ǹpáílà kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ìhà tí bíìtì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí dátà bá ń jáde kúrò nínú ẹ̀rọ

Struct tí a tò dáadáa tí a sì fi assert dè ti tó fún mẹ́mórì tí prógíráàmù méjì jọ ń lò lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, bí ọ̀kan tilẹ̀ jẹ́ oníbíìtì 32 tí èkejì jẹ́ oníbíìtì 64. Kò tó fún fáìlì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí pé ìṣòro kejì ṣì wà nílẹ̀: báìtì wo ló ń ṣáájú nínú nọ́ńbà? x86 ń fi báìtì kékeré, ìyẹn èyí tó gbé apá tó kéré jù nínú nọ́ńbà, ṣáájú, s390x (ẹ̀rọ ńlá IBM) àti SPARC ń fi báìtì ńlá ṣáájú, ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì sì yan báìtì ńlá. Ní 1980 ni Danny Cohen fún ìhà méjèèjì ní orúkọ little-endian àti big-endian tí a ń pè wọ́n títí di òní. Kò sí bí a ṣe lè to ẹ̀yà struct tí yóò yanjú ìyẹn.

Ọ̀nà tí mo gbà níyànjú, tí mo sì ń tẹ̀lé láìyẹsẹ̀, ni kí a máa kọ nọ́ńbà síta ní báìtì kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa kà á padà bẹ́ẹ̀:

```c
static void ko_u32(uint8_t *p, uint32_t v) {
    p[0] = (uint8_t)v;
    p[1] = (uint8_t)(v >> 8);
    p[2] = (uint8_t)(v >> 16);
    p[3] = (uint8_t)(v >> 24);
}

static uint32_t ka_u32(const uint8_t *p) {
    return (uint32_t)p[0]       | (uint32_t)p[1] << 8 |
           (uint32_t)p[2] << 16 | (uint32_t)p[3] << 24;
}
```

Kóòdù yìí kò bìkítà bóyá `p` dúró déédéé, kò bìkítà nípa báìtì tó ń ṣáájú lórí ẹ̀rọ, kò sì bìkítà nípa àlàfo. Kí a má ṣe yọ `(uint32_t)` kúrò nínú `ka_u32`: láìsí i, `p[3]` yóò di `int` kí a tó sún un, bí iye rẹ̀ bá sì ju 127 lọ, sísún un ní 24 yóò wọ inú bíìtì àmì, níbi tí èdè C kò ti fọwọ́ sọ̀yà. Lórí AVR, níbi tí `int` ti jẹ́ bíìtì 16 péré, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ọ̀nà yìí yóò fa ìlọ́ra. GCC àti Clang òde òní dá a mọ̀, wọ́n sì máa ń sọ gbogbo `ka_u32` di ìtọ́ni kíkà kan ṣoṣo lórí x86-64.

Ohun tó yẹ kí a sá fún ni kí a gba báìtì láti inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí a sì sọ pointer rẹ̀ di `uint32_t *` ní tipátipá. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀: orí Ethernet jẹ́ báìtì 14, nítorí náà bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní àdírẹ́sì tí 4 lè pín, orí IP tó tẹ̀lé e, tó kún fún nọ́ńbà oníbáìtì 4, yóò bọ́ sí àdírẹ́sì tí 4 kò lè pín. Ìdí nìyẹn tí Linux fi ní `NET_IP_ALIGN`, tó máa ń jẹ́ báìtì 2, tí dráífà fi ń ti ìbẹ̀rẹ̀ Ethernet síwájú kí IP lè dúró déédéé. Bí a bá fẹ́ gbé nọ́ńbà tó wà ní ètò báìtì ẹ̀rọ wa gan-an láti àdírẹ́sì tí kò dájú, `memcpy` sínú variable ni ọ̀nà tó bófin mu, kọ̀ǹpáílà yóò sì mọ ìtọ́ni tó tọ́ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Nípa packed

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ nípa àlàfo máa ń sáré lọ síbi `__attribute__((packed))` tàbí `#pragma pack(1)`, àṣẹ tó ń sọ fún kọ̀ǹpáílà pé kí ó má fi àlàfo sílẹ̀. Ó ní ibi tí ó yẹ. Orí fáìlì BMP jẹ́ báìtì 14: báìtì 2 fún irú rẹ̀, báìtì 4 fún ìwọ̀n fáìlì, báìtì 2 lọ́nà méjì tí a kò lò, àti báìtì 4 fún ibi tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ bí struct lásán, 16 ni `sizeof` yóò sọ lórí x86, nítorí pé ìwọ̀n fáìlì bẹ̀rẹ̀ ní báìtì 2, kọ̀ǹpáílà yóò sì sún un sí 4. Packed yóò dá a padà sí 14.

Ṣùgbọ́n ohun tí packed ń gbà lọ́wọ́ wa pọ̀. Lórí ẹ̀rọ tí kì í gba àdírẹ́sì tí kò bá a mu, kọ̀ǹpáílà yóò máa ka ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní báìtì kan, báìtì kan, níbikíbi tí a bá ti fọwọ́ kàn án. Bí a bá sì mú àdírẹ́sì ẹ̀yà inú rẹ̀, tí a gbé e fún function tó ń retí `uint32_t *` lásán, function yẹn kò mọ̀ pé packed ni, àwọn àṣìṣe tí a ti sọ lókè yóò sì padà wá. GCC láti ẹ̀dà 9 ń kìlọ̀ nípa èyí pẹ̀lú `-Waddress-of-packed-member`. Kí a má ṣe pa ìkìlọ̀ yìí lẹ́nu mọ́. Packed kò sì yí ètò báìtì padà, nítorí náà orí BMP tí a kà bẹ́ẹ̀ lórí s390x ṣì máa jẹ́ ìsọkúsọ. Èmi a máa ka báìtì 14 náà sínú array, n ó sì yọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú irú `ka_u32`.

Dídán an wò

Lórí x86, `-Wcast-align` ti GCC kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ń gba gbogbo àdírẹ́sì; `-Wcast-align=strict` ni kí a lò, kí ó lè kìlọ̀ bí ẹni pé a wà lórí ẹ̀rọ tó le. Kí a tún fi `-fsanitize=alignment` kọ prógíráàmù náà, kí a sì lé gbogbo ìdánwò wa kọjá nínú rẹ̀: yóò sọ ìlà gan-an tí a ti ka àdírẹ́sì tí kò bá a mu, lórí x86 tí ì bá ti gbà á láìsọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí a kọ ọ́ pẹ̀lú `-m32`, kí a rí bóyá assert kankan kùnà.

Fún ètò báìtì, QEMU, prógíráàmù tó ń ṣe bí ẹ̀rọ mìíràn, lè ṣiṣẹ́ prógíráàmù s390x lórí kọ̀ǹpútà lásán. Kí a kọ fáìlì kan lórí x86-64, kí a kà á nínú s390x, kí a tún ṣe é ní òdìkejì, kí a sì fi fáìlì méjèèjì wé ara wọn ní báìtì kọ̀ọ̀kan. Kí a má ṣe gbára lé QEMU fún àdírẹ́sì tí kò bá a mu, nítorí ó lè gba ohun tí ẹ̀rọ gidi yóò kọ̀. Sanitizer, ìyẹn `-fsanitize=alignment`, ni kí a gbà gbọ́ níbẹ̀. Fáìlì tí a kọ́kọ́ kọ náà ni kí a fi pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdánwò, kí gbogbo ẹ̀dà prógíráàmù tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa kà á, lórí gbogbo ABI tí a ń ṣe ìtìlẹ́yìn fún.